Báwo ni mo ṣe lè rí ìtàn abúlé Kent tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà?

Àbẹ̀ní Kẹ́ńtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé, tó bá gùn jù, ẹ forí jì mí.

Ọdún 1962 ni wọ́n bí mi sí London. Bàbá mi ń kọ́ ìmọ̀ òfin lálẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, onílé wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, obìnrin òyìnbó kan ní abúlé kékeré kan lẹ́bàá Goudhurst ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn England, dá wọn lóhùn, wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé mi lé e lọ́wọ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí i. Nan ni mo ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, èdè tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ti àwọn àgbẹ̀ Kent, kì í ṣe Yorùbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971 àwọn òbí mi wá mú mi, a wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Liverpool, ó di Èkó.

Ohun tí mo rántí: òórùn họ́ọ̀pù, ewéko tí wọ́n fi ń mú bíà korò, tó máa ń gba gbogbo abúlé kan ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ilé róbótó tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, tí fìlà funfun wà lórí wọn, tí fìlà náà ń yí bí atẹ́gùn bá yí. Mílíìkì inú ìgò kékeré ní ilé ẹ̀kọ́, tí yóò ti dì bí òtútù bá mú. Búrẹ́dì tí wọ́n ṣe bí ìtí ọkà tí wọ́n gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Ọjọ́ tí owó yí padà tí Nan jókòó ti tábìlì pẹ̀lú kọ́bọ̀ àtijọ́ àti tuntun tó ń kùn. Nan kò mọ irun dì. Ó ń gé tèmi mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin ni.

Lẹ́tà wa dáwọ́ dúró ní ọdún 1978. Fọ́tò kan ló kù lọ́wọ́ mi, èmi àti Nan níwájú géètì. Àwọn ọmọ mi ń bi mí pé, "Mọ́mì, irú ibo gan-an ni?" mi ò sì ní nǹkan tí mo lè fi hàn wọ́n. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń wá o. Abúlé náà ni mo ń wá. Ta ló gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n ṣe jẹun, ilé ẹ̀kọ́ wa ńkọ́, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ fi parẹ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dé Maidstone

Ẹ kú ìrántí, màmá. Maidstone níbí ni mo ń gbé, ọ̀nà Goudhurst kì í ṣe ọ̀nà àjèjì sí mi. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Máàpù ni. Ẹ lọ sí orí ìkànnì National Library of Scotland. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Scotland tàn yín jẹ, máàpù England wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti gbé àwọn máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù, síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè gbé ti àtijọ́ lé fọ́tò òde òní lórí, kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn. Àmì ni wọ́n fi ń kọ nǹkan: "Sch" ni ilé ẹ̀kọ́, "P.H." ni ilé ọtí, "P.O." ni pósọ́fíìsì, "W" ni kànga. Àwọn ilé róbótó tí ẹ ń sọ yẹn, "Oast House" ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ wá géètì yín lórí máàpù kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn.

Ẹ ó rí ojú irin kan lórí máàpù tó ti pẹ́, láti Paddock Wood gba Horsmonden, Goudhurst àti Cranbrook lọ sí Hawkhurst. Ẹ kò lè rántí rẹ̀ torí ọdún 1961 ni wọ́n tì í. Àwọn èèyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru Beeching, ọ̀gá rélùwéè ìjọba nígbà náà, irọ́ ni. Ìròyìn Beeching, tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdókọ̀ rélùwéè ní abúlé, ọdún 1963 ló jáde. Ojú irin Hawkhurst ti kú kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí yín fi sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Ojú irin yẹn ló ń gbé àwọn tó ń já họ́ọ̀pù wá. Ìdílé ìdílé ni wọ́n ń ti ìhà ìlà-oòrùn London wá, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà, pẹ̀lú ìkòkò àti ibùsùn. Inú ahéré ni wọ́n ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn sì ni ìsinmi wọn lọ́dún. Àwọn ọmọ abúlé pàápàá ń já a, ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ní Kent sì ń tẹ̀ lé àkókò họ́ọ̀pù. Nígbà tí ẹ fi máa gbọ́n, ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ìkìlọ̀ kan. Ẹ má retí àwọn igi. Ìjì alẹ́ ọjọ́ 15 mọ́jú 16 oṣù kẹwàá 1987 wó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 igi ní gúúsù ìlà-oòrùn England. Ní Sevenoaks, ìlú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí igi óákù méje, mẹ́fà ló ṣubú nínú méje. Àwọn igi ẹ́ẹ̀mù ní tiwọn, àrùn ti pa wọ́n ṣáájú ìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tó padà sí abúlé tó ti dàgbà, ó dúró síbi tó tọ́ gẹ́lẹ́, ó ní kì í ṣe ibẹ̀. Igi tó fi ṣàmì ló lọ.

Ọmọ Olóko

Ẹ dárí jì mí o, kí ló kàn wá nínú ìtàn abúlé òyìnbó? Abúlé tiwa ń kú lọ nílé, ta ló ń kọ tiwọn sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọmọ Olóko, ẹni tó mu mílíìkì ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án lo ń bi pé kí ló kàn án? Ìwọ lọ kọ tìrẹ sílẹ̀ ná. Ta ló dí ẹ lọ́wọ́?

Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, màmá. Lórí mílíìkì yẹn: òótọ́ ni pé ó ń dì. Ìdámẹ́ta páíǹtì ni, ìjọba ló ń fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún 1946. Ọdún tí ẹ kúrò gan-an, 1971, ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún méje. Ìgò tí ẹ mu kẹ́yìn kí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà ìsinmi lọ́dún yẹn, òun ló kẹ́yìn lóòótọ́, nítorí bí ẹ bá tilẹ̀ dúró, wọn kì bá fún yín mọ́. Owó Nan náà, ọjọ́ 15 oṣù kejì 1971 ni. Kí ó tó dìgbà náà, kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Ní ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni náírà dé bá yín ní Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ́ owó kíkà láàárín ọdún méjì!

Wálé 64

Mi ò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni Nan tọ́. Abúlé tí mo wà, èmi nìkan ni dúdú títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ń fọwọ́ pa irun mi bí ẹni ń fọwọ́ pa ajá, wọ́n sì rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ òdòdó àti ẹyẹ abúlé, mo máa ń dákẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyí, ó sì ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1958 ni òfin ọmọdé, Children Act, ti sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ fi tó káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, létí. Káńsù á wá rán òṣìṣẹ́ láti máa bẹ ọmọ náà wò. Òṣìṣẹ́ yẹn ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn alágbàtọ́ kan kò fi tó ẹnikẹ́ni létí, bí Nan yín bá fi tó wọn létí, ó ṣeé ṣe kí fáìlì yín ṣì wà.

Ẹ kọ̀wé sí káńsù káúntì pé ẹ fẹ́ rí gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa yín. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni òfin fún wọn láti fi dáhùn, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá díjú tí wọ́n fi sún un síwájú. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ ìbí, orúkọ àwọn òbí, àdírẹ́sì ibẹ̀. Ẹ má gbàgbé orúkọ tí *wọ́n* ń pè yín nígbà yẹn. "Wally" ni wọ́n ń pe èmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káńsù tèmi, tí n kò ní dárúkọ, sọ fún mi pé kò sí fáìlì. Abẹ́ Wally ló wà.

Nígbà tó dé, ìlà tó pọ̀ ni wọ́n ti fi dúdú pa, torí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ogójì ọdún ni mo fi bínú sí ìyá mi pé kò wá wò mí rí. Òṣìṣẹ́ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá mi wá, ìgbà mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ pé lọ́jọ́ Àìkú kan ó gbé ìrẹsì wá nínú fúláàsì, ọmọ kò jẹ ẹ́, ọmọ ń pe alágbàtọ́ ní mọ́mì.

Ẹ má nìkan kà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín.

Àbẹ̀ní Kẹ́ńtì

Wálé, mo ka tìrẹ mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà.

Orúkọ tèmi níbẹ̀ ni Jenny. Màá kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò mọ orúkọ àbísọ Nan. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé, àpò òwú kan tó ń kó bọ́tìnnì sí nìkan ni wọ́n ń sọ pé tirẹ̀ ni. Ilé káńsù ni a gbé, àwọn ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ lẹ́yìn ogun, mẹ́fà ní ìlà kan.

Àǹtí Láìbìrì

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ kó wúlò lónìí.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìkànìyàn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń tì í pa. Ti 1921 ló jáde kẹ́yìn, ní oṣù kìíní 2022. Ti 1931 jóná ní ọdún 1942, ti 1941 wọn kò kà rárá nítorí ogun. Ti 1961 á ṣí lẹ́yìn 2061. Ti 1971 tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀ á ṣí nígbà tí ẹ bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ ó wà láàyè, àmín, ṣùgbọ́n kí ni kí a máa jẹ títí di ìgbà náà?

Ohun tó wà láàárín ni Register ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1939. Ilé dé ilé ni wọ́n kọ ọ́, orúkọ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè pín káàdì ìdánimọ̀ fún aráàlú nígbà ogun. Bí Nan bá ti wà ní abúlé yẹn lọ́dún náà, ẹ ó rí i, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ ọkọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá rí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ilé náà. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ London lọ sí abúlé nítorí bọ́ǹbù, Kent sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, kí wọ́n tó rí i pé Kent ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń gbà kọjá. Gbígba ọmọ London sílé kì í ṣe nǹkan tuntun ní àwọn abúlé yẹn kí ẹ̀yin tó dé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí kan tí obìnrin bíi Nan fi lè ka ìpolówó kí ó sì ní òun á gba ọmọ. Èrò tèmi nìyẹn o.

Fún ọdún 1962 sí 1971, ìwé àwọn olùdìbò ni kí ẹ bèèrè fún. Ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì ni wọ́n fi tò ó, orúkọ Nan á wà níbẹ̀ ní kíkún, àti ti gbogbo aládùúgbò yín nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilé ìpamọ́ ìwé Kent wà ní Maidstone, Kent History and Library Centre ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó lọ. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, wọn kì í gba bírò nínú yàrá tí wọ́n ti ń ka ìwé àtijọ́.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ bèèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín. Láti àwọn ọdún 1860 ni wọ́n ti ní kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa kọ ọ́. Ohun tó dùn jù nínú ìtàn abúlé wà níbẹ̀: "òjò dídì, ọmọ mẹ́sàn-án péré ló wá", "éédú tán", "wọ́n ti lọ já họ́ọ̀pù". Ti àìpẹ́ lè wà ní títì nítorí orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ṣáá.

Ẹ ò sọ bóyá wọ́n sàmì fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, orúkọ yín wà nínú ìwé tí irú rẹ̀ ti wà láti ọdún 1538, nígbà tí Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ ọba, pàṣẹ pé kí gbogbo páríìṣì máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Aina, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Òkè-Ọdàn, St Nicholas ní Brighton ló ti fẹ́ James Davies ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé kí wọ́n tó bí yín.

Túndé Norwich

Ọ̀nà tiwa níbí, Shropham ni Justin àti John Fashanu, àwọn agbábọ́ọ̀lù, ti dàgbà, abúlé kékeré lẹ́bàá Attleborough, lọ́wọ́ tọkọtaya òyìnbó tó gbà wọ́n tọ́. Bàbá wọn, lọ́yà ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo Norfolk mọ góòlù tí Justin gbá wọlé Liverpool ní 1980, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé ọtí, á fi ẹsẹ̀ ṣe é fún yín. Shropham, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ṣadé Aberystwyth

Ẹ kú iṣẹ́. Wales ni mo wà, mo kàn fẹ́ sọ pé kí ẹ dúpẹ́ pé abúlé yín ṣì wà lórí ilẹ̀. Ní ọdún 1965 wọ́n da omi bo Capel Celyn, ní àríwá níbí, kí Liverpool lè rí omi mu. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìsìn, pósọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Èèyàn 48 nínú 67 tó ń gbé ibẹ̀ pàdánù ilé. Ọdún 2005 ni Liverpool tó tọrọ àforíjì. Ògiri kan wà lójú ọ̀nà Llanrhystud tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a rántí, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, bí ẹnì kan bá bà á jẹ́ lónìí, wọn á tún un kọ lọ́la.

Ní ti Kent, ẹ wò ó bóyá abúlé yín súnmọ́ adágún Bewl Water. Àfonífojì ni tẹ́lẹ̀, àárín 1973 sí 1975 ni omi kún un. Tí ẹ bá rántí odò kékeré kan tí ẹ kò rí mọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú

Nǹkan kan ń dùn mọ́ mi nínú orúkọ àwọn ìlú ọ̀nà yẹn. Benenden, Tenterden, Biddenden: "den" yẹn nínú igbó Kent, ibi tí wọ́n ń da ẹlẹ́dẹ̀ lọ kí wọ́n lè jẹ èso óákù ni. Goudhurst, Hawkhurst: "hurst" ni òkè tó nígi. Wọ́n ń sọlú lórúkọ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́, Ìdí Àràbà, Òkè-Ọdàn. Ẹlẹ́dẹ̀ àti igbó níbẹ̀, àràbà àti ọdàn níbí.

Ilẹ̀ oko wọn pàápàá ní orúkọ. Máàpù ìdámẹ́wàá, tí wọ́n yà lẹ́yìn òfin ọdún 1836 tó sọ ìdámẹ́wàá irè oko di owó, kọ orúkọ oko kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín, ẹni tó ń dá a. Oko tí ẹ ti ń ṣeré lẹ́yìn ilé Nan ní orúkọ, mo fi dá yín lójú.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ máàpù, ẹ gbàgbé àwọn obìnrin. Màmá, ṣé Nan wà nínú Women's Institute? W.I. ni wọ́n ń pè é ní abúlé. Llanfairpwll ní Wales ni wọ́n ti dá ti ilẹ̀ Britain sílẹ̀ ní 1915, Kánádà ni wọ́n ti rí i kọ́. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí jáàmù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó mọ gbogbo ilé ni.

Ìdí tí mo fi ń bèèrè: nígbà tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún ní 1965, ẹgbẹ́ abúlé káàkiri ṣe ìwé ńlá kan nípa abúlé wọn ní ọdún yẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ọn, wọ́n lẹ bébà iye owó ọjà, wọ́n kọ ilé tó ní ìfọṣọ oníná àti èyí tí kò ní. Ọ̀pọ̀ wà nílé ìpamọ́ ìwé káúntì, àwọn kan ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀ngàn abúlé, lábẹ́ àwo tíì. 1965! Ọmọ ọdún mẹ́ta ni yín.

Ẹ wá akọ̀wé gbọ̀ngàn abúlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè ìtàn. Ẹ fi fọ́tò yín àti Nan ṣáájú. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ kì í dá àjèjì lóhùn, wọ́n máa ń dá ọmọ ẹni tí wọ́n mọ̀ lóhùn. Tí ẹ bá lọ, ẹ mú bísíkíìtì lọ, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ajá wọn fún ìdajì wákàtí.

Bọ̀dé Maidstone

Òótọ́ ni ti ajá yẹn. Ẹ má sì gbé orúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣì wà láàyè síbí o, màmá. Ẹ kàn máa sọ "aládùúgbò".

Ọmọ Olóko

Mo gbà, mo jẹ̀bi. Mo pe ìyá àgbà mi lánàá, mo sì tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fóònù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀ kànga kan.

Àbẹ̀ní Kẹ́ńtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin rèé, mo mọ̀. Ẹ jókòó.

Káńsù dáhùn. Kò sí fáìlì Jenny, kò sí fáìlì Àbẹ̀ní. Ó ṣeé ṣe kí Nan má fi tó wọn létí. Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì.

Ìwé olùdìbò ló fún mi ní orúkọ Nan ní kíkún, Àǹtí Láìbìrì, Ọlọ́run á bù kún yín. Orúkọ rẹ̀ rẹwà, mo fi í sínú àdúrà mi báyìí. Register 1939 sọ pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbẹ họ́ọ̀pù, ó ń sùn ti iná ní àkókò ìkórè nítorí bí ooru bá fi díẹ̀ lé, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ìyẹn apá kejì, kì í ṣe Register ló sọ ọ́ o, aládùúgbò kan ló sọ ọ́ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló wà mí lọ. Ilé róbótó mẹ́ta ti di ilé olówó, ọkọ̀ bọ̀gìnnì níwájú ẹnu ọ̀nà. Ilé ẹ̀kọ́ ti di ilé ẹnì kan, agogo rẹ̀ ṣì wà lórí òrùlé. Ilé káńsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà, wọ́n ti kun bíríkì pupa ní funfun. Igi kankan kò sí níbi tí mo fi í sí. Mo dúró síwájú géètì tí kì í ṣe géètì yẹn mọ́, ọmọ mi yà mí ní fọ́tò, èmi nìkan.

Akọ̀wé gbọ̀ngàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Ìbejì, lábẹ́ àwo tíì ló wà lóòótọ́! Ìwé 1965, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí. Wọ́n kọ ilé dé ilé: iye èèyàn, ẹni tó ní fóònù, ẹni tó ń fi éédú dáná. Nan ni ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ àti adìẹ mẹ́jọ. Wọ́n kò kọ orúkọ mi. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó ń tọ́jú "ọmọ méjì láti Nàìjíríà, ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin kan".

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ọmọkùnrin kankan nínú ìrántí mi. Ìyá mi kò sọ ọ́ rí, wọ́n sì ti lọ báyìí, n kò lè bi wọ́n. Aládùúgbò àgbà yẹn ní òun rántí ọmọ náà díẹ̀, ó jù mí lọ, ó tó ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n wá mú un lọ ní ìgbà òtútù kan. Ó ní ó máa ń gbé mi pọ̀n sẹ́yìn kiri àárín àwọn adìẹ. Pọ̀n. Ọmọ òyìnbó kankan ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, ilé ló ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè mi tuntun nìyí. Bí ẹ̀gbọ́n yín, bàbá yín, ẹnikẹ́ni yín, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1959 tàbí 1960, bá gbé lọ́dọ̀ opó kan ní abúlé kan lẹ́bàá Goudhurst, tó ní adìẹ, ilé bíríkì pupa kẹrin nínú mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún un pé Jenny ń bèèrè rẹ̀.

Alábòójútó

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sókè pátápátá kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp yín.